Róbọ́ọ̀tì tí ò wúwo ò lè dẹ́rù ba èèyàn

Àwọn ọmọ kan láti Ọ̀fà gbé fíìmù wọn wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù ní Tanke, n'Ílọrin, lọ́sẹ̀ tó kọjá, torí iṣẹ́ mi ni kí n máa gé fíìmù kí n sì máa fi ìró sí i. Róbọ́ọ̀tì ńlá kan ló ń lé ọmọkùnrin kan lórí òkè Sobi. Àwòrán ẹ̀ dáa, mi ò ní purọ́, ó hàn pé wọ́n jókòó ti kọ̀ǹpútà gan-an. Àmọ́ ẹ̀rù ò bà mí rárá, ńṣe ló ń rìn bíi pé páálí ni, ó gbẹ́sẹ̀ lé àpáta, eruku ò sọ, ìró ẹsẹ̀ ẹ̀ sì nìyẹn tí gbogbo èèyàn ń wà jáde lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Mo ní kí wọ́n dìde, a lọ síbi tí wọ́n ti ń hun aṣọ òkè. "Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ jọ̀ọ́ ẹ jẹ́ ká gba ìró òfì yín." Bàbá rẹ́rìn-ín, wọ́n ń hun tiwọn lọ, igi ń gbá òwú, kà, kà, kẹ̀kẹ́ kékeré òkè ẹ̀ ń dún fín-ín. Nígbà tá a délé mo dín eré ìró yẹn kù sí ìdajì, ohùn ẹ̀ bá wálẹ̀. Nǹkan ńlá kì í yára, ohùn ẹ̀ sì máa ń wà nísàlẹ̀, ẹ fi ìyáàlù wé omele. Mo wá fi ìró odó sábẹ́ ẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn pariwo, "Ẹ̀gbọ́n, ó ti wúwo o!"

Bí Ben Burtt, ẹni tó ṣe ìró fún fíìmù Star Wars, náà ṣe ṣe é nìyẹn ní 1977, òòlù ló fi lu wáyà tó di òpó rédíò kan mú, ìyẹn ló di ìró ìbọn inú fíìmù yẹn. Nǹkan tí etí ti mọ̀ ni, ojú á wá gba èyí tí ò rí rí gbọ́.

Èyí tó dùn mí jù ni pé kò sóhun tí róbọ́ọ̀tì wọn ò lè ṣe. Ó ń fò, ó ń yinbọn, ó ń wọlẹ̀. Kí ló wá dé tí ò tíì mú ọmọ yẹn látàárọ̀? Nínú The Terminator ti 1984, wọ́n sọ fún wa pé ohun tó bá ní ẹran ara nìkan ló lè gba inú ẹ̀rọ tó ń gbé èèyàn padà sẹ́yìn nínú àkókò kọjá, ìbọn ọjọ́ iwájú ò lè bá a wá, torí náà ìhòòhò lọkùnrin tó wá gba obìnrin tí ẹ̀rọ apààyàn kan ń lé là balẹ̀, ìbọn ayé ibí ló ń wá kiri láti fi kojú ẹ̀rọ yẹn tí ìbọn ò fi bẹ́ẹ̀ ràn. Òfin kan péré ni ò jẹ́ kí ọkàn wa balẹ̀ títí.

A jọ jókòó títí ilẹ̀ fi ṣú, ká ṣáà rí òfin tiwọn. Oòrùn Ìlọrin la mú. Tí róbọ́ọ̀tì yẹn bá pẹ́ nínú oòrùn, inú ẹ̀ á gbóná, á ní láti wá ibòji. Ọmọ yẹn ti mọ̀ báyìí, orí àpáta gbalasa lọ́sàn-án gangan ló máa dúró sí, kò sì ní omi lọ́wọ́.