Ìjà idà nínú fíìmù olówó kékeré: ohun tó yẹ kí ojú yín máa wá

Ní ọdún 1961, fíìmù ńlá kan jáde nípa Rodrigo Díaz de Vivar, jagunjagun ilẹ̀ Castile ní Sípéènì ní ọ̀rúndún kọkànlá, tí ayé mọ̀ sí El Cid. Charlton Heston àti Sophia Loren ló ṣáájú eré náà, wọ́n sì náwó sí i bí ẹni tí kì í ṣírò. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni àwọn oníṣẹ́ Sípéènì àti Ítálì pawọ́ pọ̀ ṣe tiwọn. Miguel Iglesias ló darí rẹ̀, ìtàn àwọn ọmọbìnrin Cid ni wọ́n sì mú. Owó wọn kéré gan-an lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àkọ́kọ́. Irú fíìmù bẹ́ẹ̀ pọ̀ ní Yúróòpù nígbà náà: ẹṣin, odi ìlú, ọmọ ọba tí wọ́n jí gbé, idà tó ń kọ mànà.

Ìjà idà niṣẹ́ mi. Èmi ni mo máa ń tò ó fún àwọn òṣèré, lórí ìtàgé àti níwájú kámẹ́rà, kí ẹnikẹ́ni má fara pa, kí èrò ìwòran sì gbà pé ẹ̀jẹ̀ fẹ́ ṣàn. Bí ọmọ iṣẹ́ tuntun bá dé ọ̀dọ̀ mi, fíìmù olówó kékeré ni mo máa ń kọ́kọ́ ní kó lọ wò. Níbi tí owó bá pọ̀ sí, owó á bo àṣìṣe mọ́lẹ̀. Níbi tí kò bá sí, ọwọ́ oníṣẹ́ nìkan ló kù lójú.

Ẹ jẹ́ ká ti ara aṣọ bẹ̀rẹ̀. Òrùka irin wínníwínní, ẹgbẹẹgbẹ̀rún, ni wọ́n fi ń hun ẹ̀wù irin táwọn jagunjagun ayé ìgbà yẹn ń wọ̀. Ó máa ń lé ní kìlógíráàmù 10, ẹni tó bá sì ní in, olówó ni. Nínú fíìmù wọ̀nyí, òwú nípọn ni wọ́n hun bíi súwẹ́tà, tí wọ́n wá fi ọ̀dà aláwọ̀ fàdákà kùn. Ẹ wo ìgbọ̀nwọ́ òṣèré nígbà tó bá gbé apá sókè. Irin tòótọ́ á já wálẹ̀, á máa mì. Òwú á fà, á sì hunjọ bí ìbọ̀sẹ̀ tó ti gbó.

Ẹ wo àwọn ẹṣin náà. Bí ẹ bá rí èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan funfun tó gba ẹnu ibodè kọjá, ẹ fi ojú sọ́nà, ó ṣeé ṣe kó tún kọjá lẹ́ẹ̀kan sí i kí ogun náà tó parí. Ogún ẹlẹ́ṣin lè di igba bí wọ́n bá ń yí po lẹ́yìn odi.

Idà ni mo fẹ́ dúró lé. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé idà ayé ọjọ́un wúwo bí ọmọ odó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Idà ọlọ́wọ́ kan ti ìgbà ayé Cid lé díẹ̀ ní kìlógíráàmù kan ni. Èyí tí à ń fún òṣèré tún fúyẹ́ ju ìyẹn lọ: alumíníọ̀mù ni, irú tí wọ́n fi ń rọ ìkòkò. Bí méjì bá lu ara wọn, ó máa ń ha, etí rẹ̀ á sì gé ṣákaṣàka. Lálaalẹ́ ni mo máa ń mú fáìlì, irú èyí tí àgbẹ̀ fi ń pọ́n àdá, kí n fi rẹ́ gbogbo ibi tó ti yọ ẹ̀gún, torí ẹ̀gún kékeré yẹn lè fa ọwọ́ èèyàn ya. Ohùn rẹ̀ pàápàá kì í dún bí idà. Kọ̀, kọ̀, bí ìgbà tí ṣíbí ọbẹ̀ bá kọ lu ara wọn. Ṣáún tí ẹ ń gbọ́ nínú fíìmù, lẹ́yìn iṣẹ́ ni wọ́n fi sí i.

Ní Ítálì ayé ìgbà náà, kì í ṣe ohùn idà nìkan ni wọ́n ń fi sí i lẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ ẹnu náà ńkọ́? Òṣèré kan á sọ Spanish, èkejì á dá a lóhùn ní Italian, ẹlòmíì á sì wà níbẹ̀ tó ń sọ French, wọ́n á wá fi ohùn ẹlòmíràn bò gbogbo rẹ̀. Àwọn kan ń fi èyí ṣe yẹ̀yẹ́. Ojú oníṣẹ́ ìjà ni èmi fi ń wò ó: bí ẹ̀rọ kò bá gba ohùn, ọ̀gá ìjà lè dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kámẹ́rà kó máa kígbe nọ́ńbà sí wọn. A máa ń fún ìdènà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà. “Mẹ́ta! Mẹ́rin! Padà sẹ́yìn! Márùn-ún!” Inú mi ì bá dùn bí mo bá lè ṣe bẹ́ẹ̀ lónìí.

Báwo ni idà ṣe ń kọjá lórí èèyàn láì bà á? Ojú ló kọ́kọ́ ń ṣiṣẹ́. Àwọn méjèèjì á wo ara wọn lójú, ìyẹn ni pé mo ti ṣe tán, ìwọ ńkọ́? Lẹ́yìn náà ni ẹni tó fẹ́ ṣá á gbé apá sókè kedere. Ẹni tí wọ́n fẹ́ ṣá ló máa kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ìgbà tí ẹnìkejì bá rí i pé ó ti lọ sílẹ̀ ni idà tó máa kọjá. Ẹ dá fíìmù dúró níbẹ̀, kí ẹ rọra tún un wò, ẹ ó rí i pé orí ti kúrò níbẹ̀ kí idà tó dé. Ọ̀nà tó jìn sí ara wọn náà ṣe pàtàkì. Bí kámẹ́rà bá wà lẹ́yìn èjìká ẹnì kan, idà tó fi ìbú ọwọ́ méjì jìnnà sí ojú rẹ̀ á dà bí ẹni pé ó ti wọlé.

Nígbà kan tí a ń kọ́ ìjà fún eré orí ìtàgé, ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbójú lé idà dípò ojú ẹnìkejì rẹ̀. Ọ̀pá igi la ṣì ń lò. Ó bà á ní ìka, èékánná rẹ̀ dúdú fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Èmi ni mo jẹ́ kí wọ́n yára kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n. Láti ìgbà náà, ìjà tí kò bá dùn ún wò bí wọ́n ṣe ń rọra ṣe é, mi ò ní jẹ́ kó yára. Àwọn fíìmù wọ̀nyẹn ní ọgbọ́n tiwọn fún eléyìí: kámẹ́rà ń ya àwòrán 24 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, bí wọ́n bá yà á ní 20 tí wọ́n sì fi 24 hàn wá, ìjà á yá, kò sì ní sí ewu. Ìrù ẹṣin àti eruku ló máa ń tú wọn fó, torí àwọn náà á máa sáré.

Ṣùgbọ́n ìjà yẹn gan-an kì í ṣe ti ayé Cid. Gígún-dènà-gígún tí idà fi ń bá idà sọ̀rọ̀, ọgọ́rùn-ún ọdún mélòó kan lẹ́yìn rẹ̀ ló dé. Ní tirẹ̀, asà ló ń dènà, idà ń gé, ọ̀kọ̀ ló sì ṣáájú lórí ẹṣin. Àwọn tó ń to ìjà fíìmù kẹ́kọ̀ọ́ nílé ẹ̀kọ́ idà, bíi Enzo Musumeci Greco ará Róòmù, ohun tí wọ́n mọ̀ ni wọ́n sì kọ́ òṣèré. Mo gbà á fún wọn, nítorí asà ńlá máa ń bo ojú òṣèré, ojú yẹn sì ni èrò sanwó láti rí.

Èyí tí mi ò gbà ni bí wọ́n ṣe ń pín ayé sí méjì, Kristẹni lápá kan, Mùsùlùmí lápá kejì. Nígbà tí ọba Castile lé Rodrigo, ìyẹn Cid, kúrò nílùú ní 1081, ọ̀dọ̀ ọba Mùsùlùmí ní ìlú Zaragoza ló lọ, ó sì bá a jagun fún ọdún mélòó kan. Orúkọ Cid fúnra rẹ̀, èdè Lárúbáwá ni, ọ̀gá ló túmọ̀ sí. Ó gba ìlú Valencia ní 1094, ibẹ̀ ló sì kú sí ní 1099. Wọ́n tún máa ń fi idà tó tẹ̀ bí òṣùpá tuntun lé àwọn Mùsùlùmí lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ idà gígùn tó nà tààrà ló wọ́pọ̀ lọ́wọ́ tọ̀tún tòsì nígbà náà. Ìbòjú àwọn Almoravid, àwọn Mùsùlùmí tó wá láti Àríwá Áfíríkà, ni wọ́n ṣe déédéé, torí àwọn ọkùnrin wọn ń bo ẹnu àti imú lóòótọ́. Ìbòjú náà sì rọrùn fún àpò. Ọgbọ̀n ọkùnrin tó jẹ́ ará Castile láàárọ̀ lè di Almoravid lọ́sàn-án, kò sẹ́ni tó máa dá wọn mọ̀.

Bí wọ́n bá gbé owó kékeré lé mi lọ́wọ́ pé kí n ṣe ogun Valencia, mi ò ní wá ọmọ ogun kiri. Màá lọ sínú ewì àtijọ́ tí wọ́n kọ nípa Cid. Jimena ìyàwó rẹ̀ àtàwọn ọmọbìnrin méjèèjì ń bẹ lókè ilé ìṣọ́, ìlù àwọn Almoravid sì bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Ẹ̀rù bà wọ́n, irú rẹ̀ kò bà wọ́n rí. Cid rẹ́rìn-ín, ó ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀, pé wọ́n máa kó àwọn ìlù náà wá síwájú wọn, bíṣọ́ọ̀bù á sì gbé wọn kọ́ sínú ṣọ́ọ̀ṣì Màríà Mímọ́. Obìnrin mẹ́ta, ògiri kan, òwúrọ̀ kùtùkùtù. Onílù ni màá kọ́kọ́ wá, kí n tó wá ẹnikẹ́ni tó lè di idà mú.