Ọmọ Yó, Síbẹ̀ Ebi Ń Pa Ara Rẹ̀

Oúnjẹ kì í tán l'Ékòó. Ìdájí ni ọkọ̀ ẹrù ti ń já tòmátì àti àlùbọ́sà sílẹ̀ ní Mile 12, iṣu àti gàrí kún Oyìngbò, ẹja yíyan ò sì dá ní Mákòkó. Àmọ́ ní àwọn ilé ìwòsàn tí kò jìnnà sí ọjà wọ̀nyí, wọ́n ń gbé ọmọ ọdún méjì wá tó rí bí ọmọ ọdún kan. Ìyá rẹ̀ á búra pé òun ò febi pa á. Òótọ́ ló sì máa ń sọ.

Ẹ jẹ́ ká fi ògì bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á rẹ àgbàdo fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á fi aṣọ sẹ́ ẹ. Èyí tó gba ojú aṣọ kọjá ni ògì. Eèrí tó ṣẹ́kù ni wọ́n ń kó fún ewúrẹ́. Inú eèrí yìí ni púpọ̀ nínú purotéènì, ọ̀rá àti irin inú àgbàdo bá lọ, nítorí náà ká má parọ́, ewúrẹ́ àdúgbò ló jèrè jù. Ìyá á tún bomi la èyí tó kù fún ọmọ, nítorí ẹ̀kọ máa ń dì bó bá ti ń tutù, ó sì fẹ́ kó máa ṣàn wọ ọ̀fun. Bẹ́ẹ̀, ikùn ọmọ tó wọn kílò 8 kò gbà ju nǹkan bí ìdajì omi inú ọ̀rá kan lọ lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹ̀kọ ṣíṣàn bá ti gba àyè yẹn, ọmọ yó, ó sùn, ilé pa rọ́rọ́.

Láti oṣù 6 lọ, wàrà ọmú nìkan kò tó ọmọ mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó yẹ kó ṣì máa mu ún títí di ọdún méjì. Ohun tó bá máa wọnú àyè kékeré yẹn gbọ́dọ̀ wúwo: ẹ̀wà tí a bó, ẹja tí a gún, ẹyin, epo pupa díẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn kan ṣì gbà pé ẹyin á sọ ọmọ dolè. Ní ti ẹran, àwo baálé ni wọ́n kọ́kọ́ ń bù ú sí. Omi ọbẹ̀ ni tọmọ.

Ẹni tó bá di gbogbo ẹ̀bi ru ẹ̀kọ kò tíì wo omi. Omi ẹ̀rọ láti Ìjú àti Adíyàn kò dé ọ̀pọ̀ ojúlé, mẹ́rúwà ni wọ́n ń retí, tàbí kànga tí kò jìnnà sí ṣáláńgá. Ojú ìfun ọmọ dà bíi tówẹ̀lì tuntun, ó ní irun wẹ́wẹ́ tó ń fa oúnjẹ mu. Bí ìdọ̀tí bá ń bá omi àti ọwọ́ wọlé lójoojúmọ́, irun yẹn á máa jẹ, á tẹ́ pẹrẹsẹ bíi ti tówẹ̀lì tó ti gbó. Ọmọ lè má yàgbẹ́ gbuuru rárá, oúnjẹ á kàn máa kọjá láìwọ ara rẹ̀. Bí ibà tàbí ìgbẹ́ gbuuru bá wá dé, oúnjẹ ò ní wù ú jẹ, ara á máa ná ohun tó ti kó pa mọ́. Ọmọ tó rù ni àrùn tún ń tètè mú, àrùn ló sì tún ń mú kó rù sí i.

Ìdọ̀tí tún ń bá omi àti àgbo tí wọ́n ń fún ọmọ ìkókó nítorí òùngbẹ wọlé, bẹ́ẹ̀ omi tó tó ọmọ wà nínú wàrà ọmú. Nínú ìwádìí ìjọba tí wọ́n ń pè ní NDHS, ti ọdún 2018, nínú ọmọ 100 tí kò tíì pé oṣù 6 ní Nàìjíríà, 29 péré ló ń mu ọmú nìkan. Nínú 100 tí kò tíì pé ọdún 5, 37 ni gíga wọn kò tó ọjọ́ orí wọn. Àríwá ìwọ̀-oòrùn ló burú jù.

Ara ìyá ni púpọ̀ nínú ìṣòro yìí ti ṣẹ̀. Ihò tó máa di ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn ọmọ máa ń pa dé kí oyún tó pé oṣù kan, nígbà tí obìnrin ṣì ń rò pé nǹkan oṣù òun kàn pẹ́ ni. Bí fólíkì, fítámì tó ń jẹ́ kí ihò yẹn pa dé dáadáa, kò bá sí lára rẹ̀ nígbà yẹn, oògùn oṣù karùn-ún kò lè tún un ṣe. Ibà náà máa ń sápamọ́ sínú ibi ọmọ, á dí ọ̀nà oúnjẹ. Ọmọ tí a bí tí kò pé kílò 2.5 ti jẹ gbèsè kó tó ké. Bó bá jẹ́ obìnrin, tí wọn ò sì bá a san gbèsè náà, ó ṣeé ṣe kí ọmọ tirẹ̀ náà kéré.

Lẹ́yìn ìyẹn ni àìráyè. Obìnrin tó ń tajà ní Ìdúmọ̀tà, tó ń ti Ajégúnlẹ̀ jáde kí ilẹ̀ tó mọ́, ọ̀dọ̀ ìyá àgbà inú ilé ló ń fi ọmọ sí. Ọmú tí ọmọ kò mu, wàrà rẹ̀ á máa dínkù. Ní 2014, Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ tó bímọ ní ìsinmi oṣù 6. Ta ni máa fún ìyálọ́jà ní ìsinmi? Bí kò bá ṣí ṣọ́ọ̀bù lónìí, kò sówó ọbẹ̀ lálẹ́. Owó ojúmọ́ yìí náà ló ń mú kó ra mílíìkì ní sáṣẹ́, kóró sí kóró. Nígbà tí owó bá sì já, ẹja àti ẹyin ló ń kọ́kọ́ kúrò nínú ìkòkò. Gàrí kì í kúrò.

Ojú kì í tètè rí gbogbo èyí. Ní ilé ìwòsàn, wọ́n ń we tépù mọ́ apá ọmọ. Bí apá kò bá tó sẹ̀ǹtímítà 11.5, ó bọ́ sí ojú pupa tépù náà, ewu ńlá nìyẹn. Àmọ́ kùwáṣíókọ̀ lè tan tépù jẹ. Cicely Williams, dókítà tó ṣiṣẹ́ ní Gold Coast (Ghana òde òní), ló gbé orúkọ yìí jáde fáráyé ní 1935, láti inú èdè Gà: àìsàn ọmọ tí àbúrò gba ipò rẹ̀. Abiyamọ Yorùbá náà mọ ọmọ tí wọ́n já lẹ́nu ọmú nítorí oyún tuntun. Ẹsẹ̀ rẹ̀ á wú, ojú á wú, àwọn ará ilé á ní ó ti ń sanra. Nọ́ọ̀sì á fi àtàǹpàkò tẹ òkè ẹsẹ̀ méjèèjì fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta. Bí ojú ibẹ̀ bá jìn tí kò kún padà, omi ni, kì í ṣe ẹran ara.