Ibi Tí Kòkòrò Staph Ń Gbà Wọ Ara Ọmọdé àti Àgbà

Nínú èèyàn 10, bíi 3 ló ń gbé kòkòrò àìfojúrí Staphylococcus aureus (staph) kiri nínú imú láìmọ̀. Kò dùn wọ́n, kò yún wọn, ọ̀pọ̀ wọn kò sì nílò oògùn kankan fún un. Nítorí náà, bí àyẹ̀wò bá sọ pé staph wà nínú imú tàbí lára awọ ẹnìkan, ìyẹn nìkan kì í ṣe àìsàn. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀. Awọ ara ni ògiri ọ̀hún.

Ibi tí abẹ ìfárun gé, ojú iṣẹ́ abẹ, ibi tí iná jó, gbogbo wọn lẹnu ọ̀nà. Ọmọdé tí awọ rẹ̀ máa ń gbẹ, tó sì ń yún un, wà nínú ewu gan-an: ọwọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú imú ló fi ń họ awọ tó ti sán. Kí wọ́n máa gé èékánná rẹ̀ kúrú, kí wọ́n sì máa fi ìpara pa awọ náà tó bá wẹ̀ tán, kí omi ara tó gbẹ.

Ti ọmọ tuntun tún yàtọ̀. Awọ rẹ̀ fẹ́lẹ́, ojú ìwọ́ rẹ̀ kò tíì jinná. Májèlé tí irú staph kan ń tú jáde lè mú kí awọ ọmọ kékeré bó bí ẹni tí omi gbígbóná dà sí lára, torí kíndìnrín rẹ̀ kò tíì lágbára láti tètè lé májèlé náà jáde. Ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀ ni.

Láàárín àgbàlagbà, àtọ̀gbẹ ló yẹ ká kọ́kọ́ fiyè sí. Ṣúgà tó pọ̀ lẹ́jẹ̀ kì í jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀, tó ń gbèjà ara, jà dáadáa. Ẹsẹ̀ sì lè kú tipiri débi pé onítọ̀hún kò ní mọ̀ pé òun fara gbọgbẹ́. Kó máa yẹ àtẹ́lẹsẹ̀ àti àárín ọmọ ìka wò lójoojúmọ́.

Rọ́bà tí wọ́n fi sínú iṣan ẹ̀jẹ̀, bíi ti àwọn tí ẹ̀rọ ń bá fọ ẹ̀jẹ̀, tún léwu jù bẹ́ẹ̀ lọ. Staph máa ń lẹ̀ mọ́ rọ́bà, á wá fi ohun kan tó ń yọ̀ bo ara rẹ̀, tí oògùn kò fi ní ráyè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ dáadáa. Nígbà púpọ̀, àfi kí wọ́n yọ rọ́bà náà kúrò.

Aṣọ ìnura àti abẹ tí èèyàn méjì jọ ń lò máa ń gbé staph láti ara ẹnìkan sí ẹlòmíràn, pàápàá láàárín àwọn tó ń ṣeré ìdárayá tí ara ti ń kan ara. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lo oògùn àńtíbáyótíìkì sì lè kó MRSA, irú staph tí ọ̀pọ̀ oògùn kò ràn mọ́, tí wọ́n ti rí láti 1961.

Staph ló sábà máa ń fa eéwo. Ẹ má ṣe fún un. Fífún un lè ti ọyún wọ inú ẹran ara lọ. Èyí tó bá yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú tàbí lórí ètè òkè ló burú jù, torí iṣan ẹ̀jẹ̀ ibẹ̀ já sí ibi tí ọpọlọ wà.