Bí a ṣe ń mọ̀ pé wọ́n ń fìyà jẹ arúgbó, àti ohun tó yẹ ní ṣíṣe

Ní Kétu, lórílẹ̀-èdè Benin, ilé ìtọ́jú arúgbó irú ti òkè òkun ṣọ̀wọ́n. Inú agbo ilé ni àgbà ń gbé. Ìyàwó ilé tàbí ọmọbìnrin tí ẹbí gbà síṣẹ́ ló ń wẹ̀ fún un, àwọn ọmọ á sì máa fi owó ránṣẹ́ láti Kútọnu tàbí Èkó. Ṣùgbọ́n ibì kan náà ni ìyà ń gbà wọlé síbí àti sọ́hùn-ún: ẹnì kan ṣoṣo ló ń gbé oúnjẹ fún arúgbó, òun ló di fóònù mú, òun náà ló ń dáhùn nígbà tí wọ́n bá béèrè pé báwo ni ara bàbá.

Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) sọ pé láàárín ọdún kan, ó tó ẹnì 1 nínú 6 lára àwọn tó ti pé ọdún 60 tí wọ́n ń fìyà jẹ láwùjọ. Nílé ìtọ́jú, òṣìṣẹ́ 2 nínú 3 ló fẹnu ara wọn jẹ́wọ́ pé àwọn ti hu irú ìwà bẹ́ẹ̀ láàárín ọdún kan. Gbogbo wọn kọ́ ni ìkà. Ẹni tó ń dá gbé àgbà dìde lóòru, tí kò rí oorun sùn, tí owó oṣù rẹ̀ kò tètè dé, sùúrù rẹ̀ á tán lọ́jọ́ kan. Èyí kò sọ ẹ̀ṣẹ̀ di àìṣẹ̀, àmọ́ ó ń fi ibi tó yẹ ká tètè wò hàn.

Awọ arúgbó fẹ́lẹ́, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì sì lè mú kí ara wọn dúdú níbi tí wọ́n kàn fara gbá lára àga. Nítorí náà àpá kan ṣoṣo kò tó láti fi pe ènìyàn ní ọ̀daràn. Ibi tí àpá wà ló ń sọ̀rọ̀. Apá àti ẹsẹ̀ ni ti ẹni tó fara gbá nǹkan sábà máa ń wà. Bó bá jẹ́ ọrùn, etí, ìdí tàbí àtẹ́lẹsẹ̀ ni, tàbí tí ọrùn ọwọ́ méjèèjì ní ìlà bíi ti ẹni tí wọ́n so mọ́ bẹ́ẹ̀dì, a ní láti béèrè. Bí ìtàn ẹni tó ń tọ́jú wọn bá tún ń yí padà láti ẹnu ọ̀nà dé yàrá, ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní kékeré.

Egbò ìdùbúlẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹbí kì í rí àfìgbà tó bá ti ń rùn. Bèbè ìdí, ìbàdí àti gìgísẹ̀ ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Ìwé sábà máa ń ní kí a wo ibi tó pupa, ṣùgbọ́n lára aláwọ̀ dúdú, pípupa kì í fi bẹ́ẹ̀ hàn: ibẹ̀ á dúdú ju àyíká rẹ̀ lọ, á gbóná, tàbí kó le lábẹ́ ọwọ́. Egbò lè yọ lára ẹni tí wọ́n ń tọ́jú dáadáa. Èyí tí ẹnikẹ́ni kò wẹ̀, tí wọn kò sọ fún nọ́ọ̀sì, ìpatì ni.

Àwọn àmì mìíràn kò sí lára. Arúgbó tó ń sùn fọnfọn ní gbogbo ìgbà tí àlejò bá dé: ẹ ka iye oògùn tó kù, bóyá wọ́n ń fún un jù. Nọ́ńbà àṣírí MoMo (owó orí fóònù) ìyá tó wà lọ́wọ́ ẹlòmíì, ìwé ilẹ̀ tí wọ́n ní kí bàbá tẹ̀ka sí láì kà á fún un. Pípe ìyá àgbà ní àjẹ́ nítorí pé ọmọ ń ṣàìsàn nínú ilé náà wà nínú rẹ̀. Àdéhùn Ìṣọ̀kan Áfíríkà lórí ẹ̀tọ́ àwọn àgbàlagbà, ti ọdún 2016, dárúkọ rẹ̀ ní pàtó.

Bí ẹ̀mí bá wà nínú ewu, ilé ìwòsàn àti ọlọ́pàá ló kàn. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, kí ọmọ kan sọ pé òun ló máa wẹ̀ fún ìyá lónìí. Ojú kò ní ti ẹnikẹ́ni, gbogbo ara á sì hàn. Kí ó béèrè pé, “Ìyá, kí ló ṣe yín níbí?” dípò “Ṣé ó lù yín ni?” Kí ó má ṣèlérí pé òun ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó ń ṣarán náà lè sọ òótọ́. Kí a kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ bó ṣe jáde lẹ́nu wọn, pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí ẹbí fi ìbínú kojú ẹni tí wọ́n fura sí, kí oníkálukú wá padà sí Kútọnu. Ta ni arúgbó kù sí lọ́wọ́ lálẹ́ ọjọ́ náà? Ìpàdé ẹbí lè yanjú ọ̀rọ̀ ẹni tó ti rẹ̀ tàbí oúnjẹ tí kò tó. Ìlù, ìfipábánilòpọ̀ àti olè kọjá ohun tí a ń parí lábẹ́ igi. Òṣìṣẹ́ CPS, ọ́fíìsì ìjọba tó ń ran ará ìlú lọ́wọ́, tí wọ́n ti sọ di GUPS, wà fún irú rẹ̀, ọlọ́pàá náà wà. Kí wọ́n gba ìwé dókítà kí ojú ọgbẹ́ tó jinná, torí ọwọ́ òfo kò wúlò ní kóòtù Pobẹ̀.

Nílé ìtọ́jú gidi, òfin ló ń ti òṣìṣẹ́. Ní Amẹ́ríkà, ilé ìtọ́jú gbọ́dọ̀ fi ẹ̀sùn ìfìyàjẹni tó ìjọba létí láàárín wákàtí 2. Ní Faransé, 3977 ni wọ́n ń pè.

Àgbà tí iyè rẹ̀ ṣì pé lè ní òun ò kúrò nínú ilé òun. Ẹnu rẹ̀ ló yẹ kí ọ̀rọ̀ náà ti wá. A ó wá ẹnì kejì tí yóò máa yà síbẹ̀ láì sọ tẹ́lẹ̀, a ó yí nọ́ńbà MoMo padà, a ó sì ra fóònù tí wọn yóò máa fi sábẹ́ ìrọ̀rí ara wọn.