Fóòtì 12 péré, kí ló dé tí wáyà ọkọ̀ ojú omi fi ń jóná?

Ìbéèrè: Mo fẹ́ so ẹ́ńjìnnì oníná mọ́ bátìrì nínú ọkọ̀ ojú omi mi kékeré. Fóòtì (volt) 12 ni bátìrì náà. Bí mo bá fi ọwọ́ gbígbẹ kan orí rẹ̀ méjèèjì, iná ò gbé mi. Kí wá ni mò ń bẹ̀rù sí?

Ìdáhùn: Lóòótọ́, kò ní gbé yín. Ooru ló ń jó ọkọ̀, áḿpíà, ìyẹn bí iná tó ń ṣàn nínú wáyà ṣe pọ̀ tó, ló sì ń bí ooru. Ẹ́ńjìnnì tó ń lo wáàtì 600 lórí fóòtì 12 ń fa áḿpíà 50. Bó bá jẹ́ iná fóòtì 240 ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn, áḿpíà 2.5 péré ni ì bá fà. Bí sípánà bá já bọ́ tó sì kan orí bátìrì méjèèjì pọ̀, bátìrì ńlá lè tú áḿpíà tó lé ní 1,000 jáde lójú ẹsẹ̀. Sípánà náà á pọ́n bí ẹyin iná. Òrùka ọwọ́ yín náà lè ṣe bíi sípánà, ẹ bọ́ ọ sílẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Ìbéèrè: Wáyà wo ni kí n rà?

Ìdáhùn: Èyí tó nípọn ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ẹ jẹ́ ká ní bátìrì wà ní ìdí ọkọ̀, ẹ́ńjìnnì wà níwájú, mítà 6 sì wà láàárín wọn. Iná á lọ, á sì padà, nítorí náà mítà 12 lẹ máa ṣírò. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Bí áḿpíà 50 bá gba inú wáyà bàbà oní-10 mm² (ìyẹn bí ojú bàbà inú rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó) kọjá, nǹkan bíi fóòtì 1 á ti run sójú ọ̀nà. Ẹ má fojú di fóòtì kan nínú 12: wáàtì bí 50 ló di ooru lásán yẹn, ẹ́ńjìnnì á sì máa falẹ̀. Oní-25 mm² kò ní jẹ ju bíi 0.4 lọ. Kí ẹ sì ra bàbà tí wọ́n fi tánńganran (tin) bò, torí omi máa ń sọ bàbà lásán di àwọ̀ ewé.

Ìbéèrè: Ẹ́ńjìnnì mi ṣì tuntun. Kí ni fíùsì fẹ́ ṣe fún un?

Ìdáhùn: Wáyà ni fíùsì ń ṣọ́, kò ṣọ́ ẹ́ńjìnnì. Bí wáyà pọ́sítíìfù bá bó, tó kan nẹ́gétíìfù kí iná tó dé ibi tí fíùsì wà, kò sí ohun tó máa dá a dúró. Ìdí nìyẹn tó fi gbọ́dọ̀ sún mọ́ bátìrì. Ìlànà American Boat and Yacht Council, ẹgbẹ́ tó ń ṣe ìlànà ààbò ọkọ̀ ojú omi ní Amẹ́ríkà, ní kó má jìnnà sí orísun iná ju íǹṣì 7 lọ. Bí wáyà bá ti orí bátìrì wá tààrà, tó sì wà nínú páìpù tó bò ó, ó lè tó íǹṣì 72. Ní ti ìwọ̀n, kó ju ohun tí ẹ́ńjìnnì ń fà lọ díẹ̀, kó má sì ju ohun tí wáyà lè gbé lọ: 60 fún ẹ́ńjìnnì áḿpíà 50. Bí koríko odò bá wé mọ́ abẹ̀bẹ̀ ẹ́ńjìnnì tí kò lè yí mọ́, áḿpíà á fò sókè. Ọjọ́ yẹn lẹ máa mọ iṣẹ́ fíùsì.

Ìbéèrè: Ṣé bírékà ilé ò lè ṣe iṣẹ́ fíùsì yẹn?

Ìdáhùn: Rárá o. Iná ilé máa ń bọ́ sí òdo ní ìgbà 100 tàbí 120 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, èyí ló ń pa ẹ̀tàpárá (iná tó ń fò láàárín irin méjì) inú bírékà. Iná bátìrì kì í bọ́ sí òdo, ẹ̀tàpárá náà lè máa jó lọ nínú rẹ̀. Èyí tí wọ́n kọ DC (irú iná tó ń ti inú bátìrì jáde) sí lára ni kí ẹ wá.

Ìbéèrè: Wáyà wo ni kí n kọ́kọ́ dè mọ́ bátìrì?

Ìdáhùn: Bí ẹ bá lo bírékà, ẹ pa á, ẹ dè pọ́sítíìfù, kí nẹ́gétíìfù kẹ́yìn. Nígbà títú, nẹ́gétíìfù ni kó kọ́kọ́ kúrò. Bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iná sí bátìrì olómi, ẹ ṣí àpótí rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i ná. Gáàsì hydrogen tó ń tú jáde, ìdá 4 nínú ọgọ́rùn-ún afẹ́fẹ́ ti tó kó gbiná. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé ọkọ̀ sómi, ẹ lo ẹ́ńjìnnì fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ pa á, kí ẹ fọwọ́ kan gbogbo ibi tí ẹ dè. Èyí tó bá gbóná ju ìyókù lọ, kò fún dáadáa. Ẹ tú u, ẹ nù ún, ẹ tún un dè.