Ẹṣin tó ń wẹ òkun ní Virginia: ta ló ni wọ́n, kí ló sì yẹ kí ẹ mọ̀ kí ẹ tó wọkọ̀ lọ wò wọ́n?

Lọ́dọọdún, bí oṣù Keje bá ti ń parí lọ, fídíò kan a máa ti orí fóònù kan bọ́ sí òmíràn. Agbo ẹṣin já sínú omi tọmọtọmọ, èrò inú ọkọ̀ ojú omi tò lọ́tùn-ún lósì, wọ́n ń hó yèè. Ayẹyẹ ẹlẹ́ẹ̀kọgọ́rùn-ún bọ́ sí 2025, ìbéèrè sì pọ̀ sí i. Wọ́n ní ẹṣin ìgbẹ́ ni, wọ́n tún ní panápaná ló ń tà á. Èwo ni ká dì mú?

Níbo ni èyí ti ń ṣẹlẹ̀?

Assateague, erékùṣù tóóró kan tó gùn tó máìlì 37 ní etí òkun Àtìláńtíìkì. Apá òkè rẹ̀ wà ní Maryland, apá ìsàlẹ̀ wà ní Virginia. Chincoteague ni erékùṣù kékeré ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tí èèyàn ń gbé. Ẹ̀yin ará Baltimore àti Washington, ìrìn nǹkan bíi wákàtí mẹ́ta ni, bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ orí afárá Chesapeake bá gbà fún yín.

Ṣé ẹṣin ìgbẹ́ ni wọ́n lóòótọ́?

Ó kù díẹ̀ káàtó. Ẹran ọ̀sìn ni baba ńlá wọn. Àwọn ọmọ ló bọ́ ìjánu nù. Wọn kì í wọ gàárì, koríko tí wọ́n bá rí ni wọ́n ń jẹ, ibi tí ilẹ̀ bá ṣú wọn sí ni wọ́n ń sùn. Ṣùgbọ́n ọgbà kan wà ní ààlà ìpínlẹ̀ méjèèjì tó pín wọn sí agbo méjì.

Àjọ ọgbà ìjọba àpapọ̀ ló ń bójú tó agbo Maryland. Wọn kì í tà wọ́n. Kí wọ́n má baà pọ̀ ju koríko lọ, ní 1994 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìbọn ta abẹ́rẹ́ ìfètò-sọ́mọ-bíbí sí àwọn abo lára. A ò tíì gbọ́ pé ọkọ kankan janpata.

Agbo Virginia ní olówó: àwọn panápaná Chincoteague. Dókítà ẹran ń wò wọ́n, wọ́n sì ń gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ìjọba kò fẹ́ kí àgbà ẹṣin ibẹ̀ ju nǹkan bí 150 lọ, torí ibi ààbò tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1943 nítorí ẹyẹ ni wọ́n ti ń jẹko. Ìwé àṣẹ ìjọba ló fún ẹṣin láyè níbẹ̀.

Kí ló pa panápaná àti ẹṣin pọ̀?

Owó. Afínnúfíndọ̀ ṣiṣẹ́ ni àwọn panápaná wọ̀nyí. Iná ti ṣọṣẹ́ nílùú náà, owó ẹ̀rọ ìpaná kò sì sí, ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í ta ọmọ ẹṣin ní gbàǹjo ní 1925. Títí dòní, Ọjọ́rú tó kẹ́yìn oṣù Keje ni wíwẹ̀ láti Assateague sí Chincoteague, ọjọ́ kejì ni gbàǹjo, ní ọjọ́ kẹta àwọn yòókù á wẹ padà sílé. Àwọn ọmọ ẹṣin kan tilẹ̀ wà tí ẹni tó rà á á sanwó, á fún un lórúkọ, á sì dá a padà sínú agbo. Irun ìrù kan kò ní bá a délé, àwọn èèyàn sì ń du àǹfààní yìí mọ́ra wọn lọ́wọ́.

Ṣé ìyà kọ́ ni wíwẹ̀ yẹn?

Ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá ni. Wọ́n á dúró di ìgbà tí omi bá parọ́rọ́, tí kò kún tí kò sì fà, kí wọ́n tó dà wọ́n sí i. Ìdí nìyẹn tí aago rẹ̀ kì í fi í dúró sójú kan. Àwọn abo tí oyún wọn ti gbó àti àwọn ọmọ jòjòló a máa wọ mọ́tò gba orí afárá. Àwọn tó ń jà fún ẹ̀tọ́ ẹranko ṣì ń bínú, pàápàá sí bí wọ́n ṣe ń já ọmọ gbà lára ìyá níbi gbàǹjo. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni ẹjọ́ wà, kò sí nínú omi.

Báwo ni wọ́n ṣe dé erékùṣù náà?

Ìtàn tí àwọn ará ibẹ̀ fẹ́ràn ni pé ọkọ̀ òkun Spéènì kan rì, àwọn ẹṣin inú rẹ̀ sì lúwẹ̀ẹ́ gúnlẹ̀. Ìtàn kejì kò dùn tó bẹ́ẹ̀: pé ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, àwọn àgbẹ̀ kó ẹran wọn síbẹ̀ kí wọ́n má baà san owó orí, kí wọ́n má sì ṣe wàhálà ọgbà kíkọ́. Ní 2022, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì gbé àbájáde jáde lórí eyín ẹṣin kan tí wọ́n hú ní Haiti, láti ayé ìgbà tí àwọn ará Spéènì wà níbẹ̀ ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún. Nínú àwọn ẹṣin òde òní tí wọ́n fi wé e, ti Chincoteague ló bá a tan jù. Inú àwọn onítàn ọkọ̀ dùn dénú. Àmọ́ eyín ò sọ pé ọkọ̀ rì. Àgbẹ̀ tó ń sá fún owó orí náà lè ní ẹṣin tí ìran rẹ̀ ti Spéènì wá.

Kí ló dé tí ikùn wọn rí rogodo? Ṣé gbogbo wọn lóyún ni?

Rárá. Koríko inú irà tí wọ́n ń jẹ kún fún iyọ̀, nítorí náà wọ́n ń mu omi tó ìlọ́po méjì ti ẹṣin mìíràn.

Kí ni ọkọ̀ ojú omi kékeré lè fi hàn mí tí mọ́tò ò lè fi hàn mí?

Láti ojú títì ní apá Virginia, òkèèrè lẹ́yìn ọgbà ni ẹ ó ti máa wò wọ́n. Ọkọ̀ tí ìdí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ máa ń yọ́ gba ẹ̀gbẹ́ irà, níbi tí ọkọ̀ ńlá á ti há sẹ́rẹ̀. Bí atukọ̀ bá pa ẹ́ńjìnnì, tí atẹ́gùn sì rọlẹ̀, ẹ lè gbọ́ bí ẹṣin ṣe ń já koríko. Idì wà níbẹ̀, àṣá apẹja tó kọ́ ìtẹ́ sórí òpó, ẹyẹ òfú, àti dọ́fíìnì nígbà ooru.

Lékeléke náà wà níbẹ̀, lékeléke yìí gan-an tí a máa ń tọrọ èékánná funfun lọ́wọ́ rẹ̀ ní kékeré. Ẹṣin gbẹ́sẹ̀, kòkòrò ta pọ́ún, ẹyẹ gbé e mì. Áfíríkà ló ti fò la òkun dé Gúúsù Amẹ́ríkà ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ó sì dé ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní ọ̀rúndún ogún. Kò gba físà.

Ṣé ó dájú pé màá rí ẹṣin?

Kò dájú. Atukọ̀ tó bá búra fún yín ń tajà ni.

Kí ni kí n bi í kí n tó sanwó?

Ẹ bi í bóyá iye èèyàn ló fi ń gba owó àbí gbogbo ọkọ̀ lápapọ̀, àti ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí owó yín bí òjò bá dé. Ẹ bi í nípa ìwé àṣẹ láti ọ̀dọ̀ ẹ̀ṣọ́ etí òkun Amẹ́ríkà. Èyí tó wọ́pọ̀ lọ́wọ́ àwọn ọlọ́kọ̀ kékeré kò gbà ju èrò mẹ́fà tó sanwó lọ. Bí ó bá ní kí ẹ̀yin mẹ́jọ sún kì bí èrò dáńfó, ẹ sọ̀ kalẹ̀.

Mi ò mọ omi wẹ̀ ńkọ́?

Ẹ wọ láìfù jákẹ́ẹ̀tì yín láti èbúté, kí ẹ so okùn rẹ̀ dáadáa. Èyí tó wà lábẹ́ ìjókòó kò lè gba ẹnikẹ́ni.

Ṣé mo lè fún ẹṣin ní kárọ́ọ̀tì?

Ẹ jọ̀ọ́, rárá. Ní apá Maryland, níbi tí ẹṣin ti máa ń rìn láàárín àgọ́ àwọn àlejò, òfin ni pé kí ẹ jìnnà sí i tó mítà 12. Akọ kan wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Chip. Oúnjẹ èèyàn bà á jẹ́ débi pé ó ń fipá wá a kiri, ó sì ń dojú kọ àwọn èèyàn. Ní 2022, wọ́n kó o lọ sí Texas, kò sì ní padà wá mọ́. Àlejò ló dẹ́ṣẹ̀, ẹṣin ló lọ sí ìgbèkùn.

Kí ló yẹ kí n bẹ̀rù jù?

Ẹ̀fọn, àti eṣinṣin olójú àwọ̀ ewé tó ń gé ẹran ara jẹ. Nígbà ooru, wọ́n lè lé ẹṣin gan-an kúrò nínú irà lọ sí etí òkun, kí atẹ́gùn lè gbà wọ́n lọ́wọ́ wọn. Ẹ wọ aṣọ alápá gígùn, kí ẹ fi oògùn ẹ̀fọn para kí ẹ tó wọkọ̀, kí ẹ sì ra tiyín dání láti ilé.