Ṣé Lóòótọ́ Ni Pé Ooru Kì í Pa Ẹni Tí A Bí Sínú Oòrùn?

"Ṣé èmi tí oòrùn Ìbàdàn ti ń pa láti kékeré ni ooru Amẹ́ríkà fẹ́ ṣe ní nǹkan?" Ọ̀rọ̀ tí màámi máa ń sọ nìyẹn nígbà tí wọ́n wá bá wa wẹ ọmọ tuntun ní Houston. Bí mo bá ti lọ síbi iṣẹ́ báyìí, wọ́n á pa éésì, wọ́n á ní òtútù rẹ̀ ń wọ àwọn léegun. Èmi náà gbà pé ara wọn gba ooru ju tèmi lọ.

Ọ̀pọ̀ wa ló gbà bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni pé awọ dúdú máa ń gbà wá lọ́wọ́ oòrùn tó ń jó awọ. Àmọ́ kò dìgbà tí oòrùn bá kan ènìyàn lára kí ooru tó pa á. Inú yàrá, lórí bẹ́ẹ̀dì, ló ti ń bá ọ̀pọ̀ ènìyàn.

Ẹ rántí àmù tó máa ń wà ní kọ̀rọ̀ yàrá ìyá àgbà. Omi máa ń sun díẹ̀díẹ̀ gba ara amọ̀ jáde, atẹ́gùn á máa gbẹ ẹ́, omi inú rẹ̀ á sì tutù. Nígbà ọyẹ́, omi àmù máa ń tutù bíi yìnyín. Nígbà òjò, tí aṣọ tí a sá kì í tètè gbẹ, àmù náà kì í tutù tó bẹ́ẹ̀. Bí ara wa ṣe ń ṣe gan-an nìyẹn. Kì í ṣe ṣíṣàn tí òógùn ń ṣàn ló ń tù wá lára, gbígbẹ tó ń gbẹ ni. Ní Houston lóṣù Júláì, afẹ́fẹ́ ti mu omi yó. Òógùn á kàn máa kán sílẹ̀ ni, ooru inú ara ò ní rí ọ̀nà jáde. Ara tó yẹ kó wà ní nǹkan bíi 37°C á máa gòkè. Bó bá ti kọjá 40, ọpọlọ, ọkàn àti kíndìnrín wà nínú ewu.

Ara máa ń kọ́ ooru lóòótọ́. Ó máa ń gbà á tó ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, á sì tún gbàgbé rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹni tó ti ń gbé inú éésì láti ọdún mẹ́wàá, ooru Ìbàdàn ti kúrò lára rẹ̀. Ní ti àgbàlagbà, òùngbẹ kì í tètè gbẹ wọ́n mọ́, òógùn wọn sì ti dínkù. Bí wọ́n bá tún wá ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń mú ni tọ̀, ọ̀rọ̀ náà le sí i.

Ní Chicago, lóṣù Júláì 1995, ooru gòkè dé 41°C, ó sì lé ní 700 ènìyàn tó kú. Ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ arúgbó tó ń dá gbé. Àwọn adúláwọ̀ pọ̀ nínú wọn gan-an. Awọ wọn ò gbà wọ́n.

Àwọn kan á ní fáànù ti tó. Bí yàrá bá ti gbóná ju 35°C lọ, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé fáànù nìkan. Ooru ló ń fẹ́ sí yín lára.

Ní ọjọ́ 8 oṣù Júláì 2024, ìjì líle Beryl já iná ilé àti ilé iṣẹ́ tó ju mílíọ̀nù 2 lọ ní Houston àti agbègbè rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta, mo wọ yàrá bá màámi. Ara wọn gbóná janjan. Wọ́n ní kí n lọ so ewúrẹ́ kí òjò tó dé. A ò sin ewúrẹ́ rí.

Bí ooru bá mú ènìyàn tí orí ń fọ́ ọ, tí òòyì ń kọ́ ọ tàbí tó fẹ́ bì, ẹ gbé e lọ síbi tó tutù, kó máa mu omi díẹ̀díẹ̀. Àmọ́ bí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ bá ti dàrú, tàbí tó bá dákú, ẹ pe 911 lójú ẹsẹ̀ (999 ni ní Ìlú Ọba). Ẹ má dúró wò ó bóyá ó ń làágùn tàbí kò làágùn. Ẹ má sì rọ omi sí i lẹ́nu, kó má baà gba ibi tí kò yẹ. Ara rẹ̀ ni kí ẹ máa da omi sí.

Mo rẹ ìró màámi sínú omi, mo fi bò wọ́n látòkè délẹ̀, mo ti tówẹ́ẹ̀lì tútù bọ abíyá wọn àti ọrùn wọn, ọmọ mi àgbà sì ń fi páálí fẹ́ wọn. Nígbà tí àwọn tí a pè ní 911 fi máa gbé wọn wọ ọkọ̀, màámi ti ń pe orúkọ mi.